Ẹ̀wà Lẹ́nu Doña Eduviges

Ẹ sún mọ́bí, ẹ sún mọ́bí! Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó wọ́ àga rẹ̀ wá síwájú. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ, kò burú, ṣùgbọ́n kó rọra jẹ ẹ́, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, inú ẹnu ló ti bẹ̀rẹ̀, inú ẹnu náà ló parí sí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbe orin yìí:

Ilé ń jó o,
Dáadáa ni!
Òrùlé ń jò o,
Dáadáa ni!
Oorun ò kùn mí o,
Dáadáa ni!
Ta ló bi ọ́ léèrè?
Dáadáa ni!

Orin Doña Eduviges Barragán nìyẹn, Doña bí ẹni ní Màmá. Kò fẹnu kọ ọ́ rí o, ìwà ló fi ń kọ ọ́. Aránṣọ ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ní ìlú Laredo lẹ́bàá ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sódò. Kò sí ọmọbìnrin kan tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ládùúgbò yẹn tí kì í ṣe òun ló rán aṣọ àjọyọ̀ rẹ̀, aṣọ tó ń fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ọmọ fi ń gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ó ti rán an fún ọmọ ẹni gbogbo. Ó wá ku ọmọ-ọmọ tirẹ̀, Itzayana, tí yóò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù kẹfà. Aṣọ elésè-àlùkò ti wà nílẹ̀, wọ́n ti ká a sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí kò sí nílẹ̀ ni ojú.

Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò tọ́ ọ lẹ́nu, yóò yí i lọ́wọ́, yóò sì kì í bọ inú afẹ́fẹ́. Oníṣẹ́-abẹ ojú ti ní òun yóò bá a yọ awọ náà, iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n àfi kí dókítà rẹ̀ ní kílíníìkì kọ́kọ́ buwọ́ lùwé pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Ẹ̀jẹ̀ Doña Eduviges sì ń ru bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Mi ò lè buwọ́ lù ú, Màmá," ni Dókítà Galindo wí, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń wo ènìyàn láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Láàárọ̀, lálẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà."

"Ṣé ẹ ń sùn?"

"Bí ọmọ ọwọ́."

Kò kúkú parọ́. Ọmọ ọwọ́ a máa jí ní wákàtí méjì-méjì, a sì máa wo àjà.

Dókítà gbé fọ́ọ̀mù kan sókè, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó wọlé. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ bàjẹ́, ṣé oorun ń sá fún ọ, ṣé oúnjẹ kò wù ọ́. Bí kò bá ṣe ọ́ rárá, kọ òdo. Bó bá ń ṣe ọ́ lójoojúmọ́, kọ mẹ́ta. Doña Eduviges ti kọ òdo mẹ́sàn-án, wọ́n tò bí ẹyin nínú àpótí.

Ẹ gbọ́, kò ka irọ́ sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló kà á sí. Bí ènìyàn bá kí ọ pé báwo ni, o ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé wàá wá sọ ẹrù rẹ kalẹ̀ sórí ẹní onílé ni? Dókítà níṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́, wọn kì í dá kún un. Kódà, ó fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Bó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, tó rí obìnrin tó gbé pẹ́ńsù dání tó ń ronú, yóò sún mọ́ ọn.

"Òdo, ọmọ mi. Òdo ni kó o kọ sí gbogbo ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Màmá, mo máa ń sunkún nínú mọ́tò lójoojúmọ́."

"Ṣé dókítà ló ni mọ́tò ni? Òdo!"

Ó di pé kílíníìkì yẹn kún fún àwọn ènìyàn tí kò ní wàhálà kankan láyé, àfi pé orí ń fọ́ wọn, àyà ń já wọn, wọn ò sì mọ̀dí ẹ̀.

Dókítà Galindo ju fọ́ọ̀mù sílẹ̀. "Pépà yín ní ẹ ò níṣòro. Apá yín tí mo fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan míì. Apá ni mo gbà gbọ́. Ẹ lọ bá Nọ́ọ̀sì Briseida jókòó ní Ọjọ́rú mẹ́fà tó ń bọ̀. Òun àti àwọn kan jọ máa ń jókòó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀, màá buwọ́ lùwé."

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni?"

"Kẹ́ ẹ jókòó."

"Kí n máa hun nǹkan?"

"Rárá."

"Kí n máa ṣa ẹ̀wà?"

"Màmá, kẹ́ ẹ jókòó."

Látọjọ́ tí wọ́n ti ń fún un lóògùn, kò tíì rí èyí tó korò tó báyìí.

Torí kí ni? Torí ọdún méjì ni Doña Eduviges ti fi ń sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wà lójú kan o, ọkàn rẹ̀ ló ń sá. Láti ìgbà tí Refugio ọkọ rẹ̀ ti kú ni tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, tí rédíò ń kọrin ní ìdáná, tí rédíò míì ń ka ìròyìn fún ọṣẹ nílé ìwẹ̀. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì á gbà á. Kò sí àlàfo kankan tí ọ̀rọ̀ lè gbà wọlé bá a.

Ohun kan sì wà tó ń sá fún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àjàrà gbígbẹ ni. Àwọn hóró kékeré dúdú tó hunjọ bí ojú arúgbó yẹn. Bó bá dé ọjà, kì í gba ọ̀nà ibi tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí. Yóò yí po, yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn ọṣẹ. Nígbà Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, òun ló máa ń se capirotada fún gbogbo òpópónà: búrẹ́dì tó ti gbẹ, omi ṣúgà dúdú, kànáfùrù, kinamónì, wàràkàṣì, àti àjàrà gbígbẹ, ìpele lórí ìpele nínú àwo ńlá. Láti ọdún méjì, kò sè é. Lọ́dún tó kọjá ó ní sítóòfù bàjẹ́. Lọ́dún yìí, ó ti ń wí pé búrẹ́dì ayé ìsinsìnyí kì í gbẹ bó ṣe yẹ. Àwọn aládùúgbò wo ojú rẹ̀, wọn ò bi í mọ́.

Ọjọ́rú kìíní dé, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àlùfáà fi eérú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì sí gbogbo wọn níwájú orí. Àwọn méje ni wọ́n jókòó yípo. Nọ́ọ̀sì Briseida, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ohùn bí omi inú ìkòkò, ní kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n máa wo bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde. Kó tó la ojú, Doña Eduviges ti gbálẹ̀, ó ti to àwọn àga tó ṣẹ́kù, ó sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mò ń mí náà, ọmọ mi. Mò ń mí bí mo ṣe ń nù ún."

Ẹni tó jókòó tì í ni Don Abundio, atúnbàtàṣe. Ọ̀rẹ́ Refugio ni tẹ́lẹ̀, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ lọ. Ó rẹ́rìn-ín abẹ́ irun imú. "Ẹ fi ìyàwó wa sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ilẹ̀ á mì."

Ọjọ́rú kejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí.

Nọ́ọ̀sì Briseida gbé abọ́ kékeré kan wá. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, ó ń sọ nǹkan kan sí wọn látẹ́lẹwọ́. Ojú Doña Eduviges kò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ pé. Kí abọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí ó tó sọ pé kí ló dé, hóró àjàrà gbígbẹ kan ti jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó hunjọ, ó ń wò ó.

"Ọ̀kan péré ni o," ni Briseida wí. "Ẹ má tíì jẹ ẹ́. A óò wò ó, a óò gbóòórùn rẹ̀, bí ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tó bá yá, a óò rọra jẹ ẹ́. Ẹ mú gbogbo ọkàn yín wá síbi kan ṣoṣo."

Ibi kan ṣoṣo! Ibi tó ti ń sá fún láti ọdún méjì nìyẹn gan-an!

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Doña Eduviges ń ta lotería ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, eré tí wọ́n fi ń fi hóró ẹ̀wà gbígbẹ bo àwòrán tí wọ́n bá pè. Ẹ̀wà kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì yá, aránṣọ ni. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, àjàrà ti bọ́ sí àpò kóòtù Don Abundio, hóró ẹ̀wà kan sì ti gba àga rẹ̀ látẹ́lẹwọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Ẹ̀wà ń ṣe bí àjàrà,
Ẹ jẹ́ ó máa ṣe é!
Ẹkún ń ṣe bí ẹ̀rín,
Ẹ jẹ́ ó máa ṣe é!
Eyín ni yóò jẹ́rìí o,
Ẹ jẹ́ ó máa ṣe é!

"Doña Eduviges, kí lẹ rí?"

Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ó dán. Ó tutù. Ó ní ojú kékeré kan láàárín, tó ń wò mí."

Don Abundio yọ ojú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó rí i. Ó tún ìjókòó ṣe. "Àjàrà olójú," ló wí. "Temi fọ́jú. Ẹ ò fún mi nírú tiẹ̀, Nọ́ọ̀sì."

"Gbọ́ tìẹ, Abundio."

"Ẹ gbé e sétí," ni Briseida wí. "Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ."

"Temi ń kọrin," ni Doña Eduviges wí, ó ti ń gbádùn ara rẹ̀. "Orin àwọn ará Monterrey."

"Àbí orin pé 'ẹ sè mí, ẹ sè mí,'" ni Don Abundio wí.

"Ẹ fi sẹ́nu wàyí. Ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí ahọ́n."

Wọ́n fi sẹ́nu. Doña Eduviges fi ẹ̀wà sẹ́nu. Ó lè gbé e mì o, kí gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Don Abundio ń wò ó bí olóńgbò tí ń wo ihò eku, ó sì ti gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

"Ó yá, ẹ gé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Pẹ̀lú gbogbo ọkàn yín."

Doña Eduviges gé e pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀.

Káú!

Gbogbo ojú là. Nọ́ọ̀sì Briseida fọwọ́ sáyà. "Jésù! Kí nìyẹn?"

"Àjàrà ìyàwó wa ni," ni Don Abundio wí. "Kò tíì pọ́n."

Doña Eduviges fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó ṣí i, eyín àtọwọ́dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wà látẹ́lẹwọ́, ó ti là sí méjì, hóró ẹ̀wà náà sì wà láàárín wọn, kò ní àpá kankan lára. Ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ tó ń wò ó.

"Má ṣèyọnu," ni Don Abundio wí. "Mo ní gọ́ọ̀mù bàtà nílé."

"Eyín mi kì í ṣe bàtà!"

"Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tó yẹn? Ó ti rìn ju bàtà lọ."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Àwọn kan di àga mú. Doña Eduviges náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn yòókù dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi kò dákẹ́. Ó ń bọ́. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀rín ti lọ, nǹkan míì ló jókòó sípò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Briseida fẹ́ dìde. Don Abundio na ọwọ́ dá a dúró. Ó bi Doña Eduviges jẹ́jẹ́ pé, "Tòótọ́ ńkọ́? Ibo lo gbé e sí?"

"Àpò ẹ."

Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́ jáde. Ìdọ̀tí òwú àti eruku awọ ti bò ó. Ó fẹ́ ẹ, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀.

Doña Eduviges kò wo ẹnikẹ́ni. Àjàrà yẹn ló bá sọ̀rọ̀. "Capirotada ni mò ń sè lọ́jọ́ náà. Mo gbé àjàrà sínú abọ́, Refugio ń wá, ó ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo gbá a lọ́wọ́. Ó tún wá. Mo ní, 'Refugio, fi àjàrà sílẹ̀, olójúkòkòrò, wàá jẹ ẹ́ tán!' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ lọ na ẹ̀yìn. Kò dìde mọ́." Ó nu imú. "Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé. 'Olójúkòkòrò' ni mo fi sìn ín."

Kò sí ẹni tó sọ pé pẹ̀lẹ́, kò sí ẹni tó sọ pé ó ti lọ sọ́run. Wọ́n jókòó. Ìjókòó yẹn gan-an ni dókítà kọ fún un, oògùn kíkorò náà.

Don Abundio ló kọ́kọ́ lanu. "Ṣé o mọ ìdí tó fi ń jí i?"

"Ọ̀kánjúwà."

"Refugio kì í jẹ àjàrà. Kò fẹ́ràn ẹ̀ rí. Ó sọ fún wa nídìí lotería, ìwọ wà ní tábìlì kejì, ò ń bá fádà ṣọ́ọ̀ṣì jà. Ó ní, 'Mo máa ń jí i kó lè pariwo mọ́ mi. Bí ò bá pariwo, mi ò mọ̀ pé mo ti délé.'"

Doña Eduviges yí ojú sí i. "Kò fẹ́ràn àjàrà?"

"Inú ìkòkò òdòdó lẹ́yìn ilé ló ń tu ú sí."

"Áà!" Ó fò dìde. "Òun ló fi jẹ́ pé èèrà ò tán nínú òdòdó mi! Olè! Òpùrọ́!" Ó ń pariwo mọ́ òkú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyàrá sì gbóná bí ìdáná lọ́jọ́ ọdún. Kò pẹ́ tó fi jókòó. Ó mú àjàrà lórí orúnkún Don Abundio, ó fi sẹ́nu.

Ẹ rántí pé kò léyín ìsàlẹ̀ mọ́. Kò lè sáré jẹ ẹ́, kódà bó bá fẹ́. Ó ń fi ahọ́n yí i, ó ń pọ́n ọn lá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Nọ́ọ̀sì Briseida ní láti ìgbà tóun ti ń kọ́ àwọn ènìyàn, òun ò rí ẹni tó rọra jẹ ẹ́ tó báyìí rí.

"Fún mi ní pépà yẹn," ni Doña Eduviges wí nígbà tó gbé e mì. "Èyí tó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án." Ó gbé e súnmọ́ imú, ó ń kà á. Níbi oorun, ó kọ mẹ́ta. Níbi ìbànújẹ́, ó kọ mẹ́ta. Ó gbójú sókè. "Ṣé kò sí mẹ́rin ni?"

Mi ò ní sọ fún yín pé ó sun àsùnwọra lọ́jọ́ kan náà. Ó pa rédíò ilé ìwẹ̀ kọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pa ti ìdáná. Tẹlifíṣọ̀n ló bá a jà jù. Nígbà tí ilé bá dákẹ́, tí ọ̀rọ̀ Refugio sì wọlé, kì í sá mọ́, á ní, "O ti dé. Àga nìyẹn. Mi ò ní po kọfí fún ọ o, àlejò ojoojúmọ́ kì í mu kọfí." Á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà míì ọ̀rọ̀ náà jókòó pẹ́, ìgbà míì kò pẹ́. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, bí olóńgbò tó bínú jáde tó ń padà bọ̀ wálé.

Níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ó ṣì ń sún mọ́ àwọn obìnrin tó gbé pẹ́ńsù dání. "Kọ òótọ́, ọmọ mi. Bó o bá kọ òdo, màá fẹjọ́ ẹ sùn."

Ọjọ́rú kẹfà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ mímọ́ gan-an. Dókítà Galindo di apá rẹ̀, ó wò ó láti òkè gíláàsì, ó tú u, ó tún un dì.

"Báwo ni, Màmá?"

Ẹnu Doña Eduviges, tó ti gba eyín tuntun, ti là láti sọ "dáadáa." Ó pa á dé. "Láàárọ̀, ó ṣe mí bákan. Nísinsìnyí, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní buwọ́ lù ú."

"Ó ti wálẹ̀," ni dókítà wí. Ó fa bírò yọ, ó buwọ́ lùwé. "Ojú ọ̀tún lóṣù tó ń bọ̀, ti òsì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ó rí abẹ́rẹ́ kí oṣù kẹfà tó dé."

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, sítóòfù tó bàjẹ́ ràn, búrẹ́dì tí kì í gbẹ gbẹ. Òórùn kànáfùrù gba òpópónà kan. Itzayana wà nídìí abọ́ àjàrà, ó rò pé ojú ìyá àgbà kò ríran, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ Doña Eduviges lọ sókè. Ó dúró lókè níbẹ̀. Ọmọ náà wò ó, kò kánjú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀, pàá!

"Fi àjàrà sílẹ̀, olójúkòkòrò! Wàá jẹ ẹ́ tán!"

Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ fún un.

Wọ́n gbé tábìlì jáde sábẹ́ igi. Òpópónà kóra jọ, Nọ́ọ̀sì Briseida wá, Dókítà Galindo wá láìwọ aṣọ funfun, kò sì sí ẹni tó kọ́kọ́ dá a mọ̀. Doña Eduviges fúnra rẹ̀ bu ti Don Abundio. Abundio jókòó, ó gbé ṣíbí, ó ṣí wàràkàṣì tó wà lókè, ó dúró.

Hóró ẹ̀wà gbígbẹ kan ló jókòó sáàárín, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì!" ló pariwo. "Temi náà ti lajú!"

Wọ́n jẹ, wọ́n fi ìka nu abọ́. Doña Eduviges di ìyókù sínú fóìlì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ní òun ti yó. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ikùn níwájú, ènìyàn lẹ́yìn, wọ́n ń gbe orin, òun náà ń gbè é lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹnu kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí:

Ilé ń jó o,
Ẹ pariwo!
Òrùlé ń jò o,
Ẹ wí fáyé!
Oorun ò kùn mí o,
Kọ mẹ́ta sí i!
Àjàrà dùn o,
Ẹ rọra jẹ ẹ́!

Èmi náà gba fóìlì tèmi. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó délé. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ gbá ẹ̀ẹ́rún kúrò láṣọ, ẹ máa lọ sùn.